Ẹni Tó Jẹ Oúnjẹ Ẹ̀rọ

Òjò oṣù kẹfà ń rọ̀ sí yunifásítì tó wà lẹ́sẹ̀ òkè ní Chiayi, níbi tí àwọn onímọ̀ láti Tainan, Kyoto àti Seoul ti pàdé láti sọ ohun tí wọ́n ti rí nínú iṣẹ́ ìwádìí wọn fún ara wọn. Tí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, inú yàrá Ọ̀jọ̀gbọ́n Liao Su-yun ni gbogbo wọn ń bọ̀, láti wá fojú ara wọn rí sẹ́ẹ̀lì ọkàn ẹja tó ń lù láàyè lábẹ́ ẹ̀rọ awò. Bó bá lù, yàrá náà di tirẹ̀ pátápátá. Bí kò bá lù, olórí ẹ̀ka ti sọ ọ́ láìfi bò pé òun á gbé yàrá fún àwọn tó ń ṣèwádìí òdòdó. Su-yun gbé àwo gúrófà tí ó gé fún àlejò wọlé, ó sì bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Tseng Kuo-pin ti Tainan, àgbà onímọ̀ ikùn àti ìfun, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé ìwé. Ó jókòó ti ẹ̀rọ awò náà, ó ń lá ìka.

"Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mà tètè dé."

"Àbúrò mi! Rélùwéè ló tètè dé, èmi kàn wà nínú rẹ̀ ni. Wọ́n ti ta gbogbo oúnjẹ inú páálí tí wọ́n ń tà nínú ọkọ̀ tán kí n tó jí. Ebi fẹ́ pa mí kú. Ọpẹ́lọpẹ́ rẹ."

"Ọpẹ́lọpẹ́ mi báwo? Èmi ò tíì fún yín ní nǹkan kan."

"Ìpápánu tí o gbé kalẹ̀ fún àlejò yìí ńkọ́? Ó dùn. Ó ti rọ̀ díẹ̀ o, ṣùgbọ́n adùn àgbọn ṣì wà lára rẹ̀."

Àwo gúrófà fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Su-yun. Ó gbójú sókè wo orí ẹ̀rọ. Ọ̀rá aláwọ̀ ewé tó máa ń jókòó síbẹ̀ bí adìyẹ tó sàba kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó wà lórí tábìlì, inú rẹ̀ ṣófo, ó ti pẹlẹbẹ.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi pé láti Tainan lẹ ti gbé ọ̀rá yìí wá."

"Tainan kẹ̀? Orí ẹ̀rọ yìí ni mo ti mú un."

"Ẹ jẹ ẹ́?"

"Mo jẹ ẹ́."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Ó ku èyí tó wà lára ìka mi." Ó lá a. "Ó ti tán báyìí."

"Yéè! Mo gbé! Ẹ ti jẹ oúnjẹ A-Gu!"

"Ta ní ń jẹ́ A-Gu?"

"Ẹ̀rọ yìí ni!"

"Ẹ̀rọ rẹ máa ń jẹun?"

"Kì í jẹun! Ìdí nìyẹn tí oúnjẹ rẹ̀ fi máa ń pẹ́!"

Kuo-pin bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀, ó wá wo àbúrò rẹ̀ bí olùkọ́ ṣe ń wo ọmọ tó gbé òdo wálé.

"Su-yun. Ìwọ náà? Ìwọ tí o mọ ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ju ohun tó wà nínú báàgì rẹ lọ?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sẹ́ni tí kò mọ àṣà yìí."

"Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ìpápánu tí orúkọ rẹ̀ ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó gbọ́ràn, kó má yájú. Wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ní báńkì, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó rélùwéè. Dókítà tó wo eyín mi lóṣù tó kọjá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ orí mi."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ ẹ́?"

"Mo mọ̀ ni mo fi jẹ ẹ́. Ẹni tó mọ̀ pé kò sí iwin nínú igbó ló ń wọ igbó lọ ṣẹ́gi. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni mo fi ṣe."

"Ebi ni ẹ fi ṣe."

"Àwọn méjèèjì jọ wọlé ni. Ebi ló kàn ṣíwájú."

Su-yun gbé àwo kalẹ̀, ó di orí mú.

"Ẹ ò mọ ohun tójú mi rí. Lọ́dún tó kọjá, níwájú àwọn àlejò, ojú ẹ̀rọ yìí ṣú dùdù bí ìdí ìkòkò. Àwọn àlejò ń wo òrùlé. Olórí ẹ̀ka ń wo bàtà rẹ̀. Mo gbé ọ̀rá yẹn lé A-Gu lórí, láti ìgbà náà, kò dójú tì mí mọ́."

"Ṣé o pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe?"

"Mo pè é. Ó tú u palẹ̀, ó tún un tò."

"Ṣáájú ọ̀rá ni, àbí lẹ́yìn ọ̀rá?"

"Ọjọ́ kan náà ni."

"Áhà!"

"Ẹ má ṣe áhà fún mi, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó tún un ṣe yẹn gan-an ló ra ọ̀rá wá."

Ó ti mú agbòjò. Ó ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Ṣọ́ọ̀bù ẹnu géètì. Mo fẹ́ lọ ra òmíràn."

"Ara rẹ lò ń dá lóró. Ibẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yà sí nígbà tí mo bọ́ọ́lẹ̀. Kò sí aláwọ̀ ewé kankan. Obìnrin tó ń tajà ní àwọn kan láti ẹ̀ka òdòdó ti wá kó gbogbo rẹ̀ láàárọ̀."

"Háà! Wọ́n ti ń palẹ̀mọ́! Wọn ò tíì gba yàrá, wọ́n ti ra ti ìṣílé!"

"Yẹ́lò nìkan ló kù, èmi ò sì fẹ́ràn adùn tiẹ̀ ni mi ò fi rà á. Ra yẹ́lò."

"Yẹ́lò! Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí iná ojú pópó rí ni? Tó bá di àwọ̀ ewé, ọkọ̀ ń lọ. Tó bá pupa, ọkọ̀ dúró. Tó bá yẹ́lò, ọkọ̀ ń ronú. Ṣé ẹ fẹ́ kí A-Gu máa ronú níwájú ará Kyoto ni?"

"Èmi fẹ́ kí ìwọ ronú. Wò ó, irin ni nǹkan yìí. Irin, gíláàsì àti iná. Kò mọ yẹ́lò, kò mọ ewé. Jẹ́ kí n tàn án kí ọkàn rẹ balẹ̀."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

"Ọwọ́ mi mọ́. Kò tíì pẹ́ tí mo lá a."

Ó tẹ bọ́tìnnì. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ náà bí ẹni tó ń fi ìyàwó han ẹbí.

Ojú ẹ̀rọ ṣú dùdù.

Ó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wá fi ìka tì í mọ́ ibẹ̀.

"Ó ń jí lọ́wọ́ ni," ni ó wí.

"Kì í jí báyìí. Tó bá ń jí, ó máa ń kùn."

"Bóyá ó ń kùn lábẹ́lẹ̀." Ó gbé etí lé e. "Dákẹ́. Mo gbọ́ nǹkan kan."

"Kí lẹ gbọ́?"

Kuo-pin gbé etí kúrò. "Ikùn mi ni."

"Mo sọ fún yín! Ṣé mi ò sọ fún yín?"

"Iná ọba ló lọ."

"Ẹ wo òkè."

Iná yàrá ń tàn wàì lórí wọn. Kuo-pin gbá ẹ̀rọ ní ẹ̀gbẹ́. Ó fẹ́ eruku kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó yẹ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ó ki wáyà náà wọlé dáadáa. Kò sí ìyàtọ̀. Agogo ara ògiri ń lọ ní tirẹ̀, òógùn sì ti ń yọ níwájú orí onímọ̀ ikùn.

"Àbúrò, lẹ́yìn tí o bá fi ọkàn ẹja rẹ hàn wọ́n tán, ẹ̀rọ wo ni wọ́n ní kí èmi fi sẹ́ẹ̀lì ìfun mi hàn wọ́n?"

"Ẹ̀rọ wo ló tún wà nílé yìí? A-Gu náà ni."

"A-Gu yìí?"

"A-Gu tí ẹ jẹ oúnjẹ rẹ̀ yìí."

Òjò ń lu fèrèsé. Kuo-pin sún mọ́ Su-yun, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé wọ́n máa ń bẹ̀ ẹ́?"

"Wọ́n máa ń bẹ ta?"

"Má jẹ̀ẹ́ kí n pariwo. Òun."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ igbó lọ ṣẹ́gi?"

"Igi ti wó lù mí. Báwo ni wọ́n ṣe ń bẹ̀ ẹ́?"

"Ẹ kọjú sí i. Ẹ so ọwọ́ pọ̀. Ẹ tẹrí ba."

Kuo-pin yẹ ẹnu ọ̀nà wò, ó rí i pé kò sẹ́nikẹ́ni, ó tẹrí ba. "A-Gu, ṣé dáadáa lo wà?"

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ má sọ 'o' sí i. Ó ti wà níbí kí olórí ẹ̀ka tó dé."

"A-Gu, ẹ kú ọ̀sán o. Èmi ni Tseng Kuo-pin, láti Tainan. Àlejò yín ni mí."

"Ẹ jẹ́wọ́ ohun tí ẹ ṣe."

"Ó ṣẹlẹ̀ pé, nítorí ọ̀rọ̀ rélùwéè, nǹkan kan tó wà lórí yín..."

"Ẹ má yí i po."

"Mo jẹ oúnjẹ yín."

"Gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹ̀."

"Ẹ sì bú u pé ó ti rọ̀."

"Ṣé dandan ni kí n sọ ìyẹn náà?"

"Ó kúkú gbọ́ nígbà tí ẹ ń sọ ọ́."

Kuo-pin tún tẹrí ba, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-an lọ́tẹ̀ yìí, títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan tábìlì. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sí ẹ̀yìn ọ̀rá tó ṣófo. Kò gbé orí sókè mọ́.

"Su-yun, oṣù wo la wà yìí?"

"Oṣù kẹfà. Ẹ máa bẹ̀bẹ̀ lọ."

"Oṣù kẹrin ni wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá yìí."

"Irọ́ ni."

"Wá kà á. Àkókò rẹ̀ ti kọjá láti oṣù kẹrin."

Su-yun kà á. Ó gbé e sún mọ́ iná, ó tún un kà. Ara rẹ̀ wálẹ̀ bí ọbẹ̀ tí wọ́n yọ iná nídìí rẹ̀.

"Nínú òfin tiyín," ni Kuo-pin bi í, ó sì ti nàró báyìí, "ọ̀rá tó bá kọjá àkókò ńkọ́?"

"Kò lágbára mọ́," ni Su-yun fi ohùn kékeré dáhùn. "Wọ́n ní ó máa ń ba ẹ̀rọ jẹ́ pàápàá."

"Ẹ̀rọ ọ̀hún sì ń ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo rí ọkàn ẹja kedere."

"Áhà! Ara rẹ lò ń tàn jẹ! Ọ̀rá ò ṣe nǹkan kan!"

"Ẹ̀gbọ́n, àwọn kan wà tó jẹ́ pé àkókò wọn ti kọjá, wọ́n ṣì ń gbìyànjú. Ṣebí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìn tì náà ṣì ń wá sí ọ́fíìsì."

"Ta lò ń bá wí? Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni èmi ń fẹ̀yìn tì. Kò tíì tó."

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́ orúkọ mi nínú ẹ̀." Lójijì ni ojú rẹ̀ yí padà, ó sì gbé ọwọ́ lé ikùn. "Yéè, oṣù kẹrin! Inú mi ló wà yìí!"

Ohùn kan ké láti abẹ́ bẹ́líìtì rẹ̀, ó gùn, ó sì lọ́ bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́.

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ikùn," ni Su-yun wí. "Kí nìyẹn?"

"Ìfun kékeré ni. Apá òkè. Ó ń fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti nǹkan lọ sísàlẹ̀." Ó tẹ́tí sílẹ̀. "Kò sì fẹ́ràn ohun tó ń tì."

Su-yun kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo yàrá náà káàkiri.

"Wọ́n á kó ìkòkò òdòdó wọn síbí. Wọ́n á da ajílẹ̀ síbi tí ọkàn ẹja ti ń lù. Èmi á wá máa kọjá lẹ́nu ọ̀nà, màá máa ṣe bí ẹni tí kò rí i."

Àánú rẹ̀ ṣe Kuo-pin. Ó rìn lọ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì gbé kẹ́tù kékeré kan jáde níbẹ̀, ó da tíì sínú ife.

"Gbà, mu díẹ̀. Ó ṣì gbóná. Ẹkún ò ṣe é sun pẹ̀lú ọ̀fun gbígbẹ."

Su-yun fà á mu. "Ó dùn. Tíì tí wọ́n gbìn sórí òkè ni."

"Kò sí ibi tí mi ò gbé e dé. Èmi àti tíì mi, èmi àti kẹ́tù mi."

"Láti Tainan, ó ṣì gbóná báyìí?"

"Rárá o, níbí ni mo ti sè é. Bí mo ṣe jẹ ìpápánu yẹn dé ìdajì, òùngbẹ gbẹ mí bí ẹni jẹ yanrìn."

Ife dúró létè Su-yun.

"Ẹ̀gbọ́n, iná wo lẹ fi sè é?"

"Sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Gbogbo ojú rẹ̀ ló kún, ni mo bá fa ọ̀kan yọ."

"Ọ̀kan wo?"

"Wáyà dúdú kan báyìí. Ó nípọn, ó gùn, ó gba abẹ́ tábìlì lọ sí..."

Ó fi ojú tọ ọ̀nà wáyà náà, láti ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù, gba abẹ́ tábìlì, títí ojú rẹ̀ fi dé ìdí A-Gu.

Àwọn méjèèjì sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Orí wọn kọ lu ara wọn lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Su-yun fa wáyà kẹ́tù yọ, ó ki ti ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, A-Gu sì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ológbò tí wọ́n fi epo pa lẹ́nu.

Kuo-pin fò dìde, ó ń pa orí tó wú. "Iná ni! Ìwọ náà rí i! Kì í ṣe ọ̀rá rárá, iná ni! Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti borí!"

"Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan rú mi lójú. Tí iyọ̀ bá pọ̀ lára ènìyàn, kí ló máa ń ṣe?"

Kò sí bí wọ́n ṣe lè bi Kuo-pin ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ kó má dáhùn. Ó tún awò ojú rẹ̀ tò.

"Ìbéèrè tó dáa. Iyọ̀ á wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ki. Omi á wá máa jáde kúrò nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì láti lọ là á. Bí àwọn sẹ́ẹ̀lì bá ti ń rù, ọpọlọ á mọ̀, á sì ránṣẹ́ sí olúwa rẹ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."

"Ìpápánu yẹn, ṣé iyọ̀ wà nínú rẹ̀?"

"Ó wà ńbẹ̀ dáadáa."

"Ẹni tí òùngbẹ wá ń gbẹ ńkọ́?"

"Á wá nǹkan mu."

"Bó bá wá jẹ́ ẹni tó ń gbé kẹ́tù rìn?"

"Á wá ibi tí ó máa..." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Á wá sọ́kẹ́ẹ̀tì."

"Nítorí náà, ẹni tó bá gbé ọ̀rá kúrò lórí ẹ̀rọ..."

"Su-yun."

"...tó sì jẹ ohun inú rẹ̀..."

"Su-yun, ó tó."

"...ẹ̀rọ á kú. Kì í ṣe àṣà ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n ni mo ti gbọ́ ọ."

Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀. Su-yun sáré tẹ̀ síwájú rẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọkàn ẹja náà nìyẹn, wọ́n sùn gbọọrọ bí ìrẹsì tí wọ́n dà sórí ẹní. Ọ̀kan nínú wọn kò mira.

"Wọn ò lù, ẹ̀gbọ́n. Iná tó ń mú wọn móoru ti kú, òtútù ti mú wọn."

"Ó tún ń móoru báyìí. Ní sùúrù."

"Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn."

Lóòótọ́, àwọn àlejò ti ń bọ̀. Wọ́n ń gbọn omi kúrò lára agbòjò wọn nísàlẹ̀. Àwọn méjèèjì tẹ ojú mọ́ gíláàsì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọn kò mí.

"Ọ̀kan lù," ni Kuo-pin sọ.

"Níbo?"

"Lápá òsì, nísàlẹ̀. Ó ti dákẹ́. Rárá, ó tún lù."

Ọ̀kan lù. Èyí tó fara tì í lù. Wọ́n ń lù ségesège bí ẹni tí wọ́n jí lójijì, kí wọ́n tó wá gbọ́ ara wọn yé, gbogbo wọn sì jọ ń fò sókè pọ̀, kì, kì, kì. Su-yun nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú apá aṣọ. Kuo-pin náà nu tirẹ̀, ó ní òógùn ni.

Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀rọ ti ṣẹ́ fìrì, tó sì tún mọ́lẹ̀ padà.

"Ó ṣẹ́jú!" ni Su-yun ké.

"Ó kàn ṣẹ́jú ni. Èmi náà máa ń ṣẹ́jú."

"Bó ṣe ṣẹ́jú lọ́dún tó kọjá nìyẹn kó tó kú. Ẹ̀gbọ́n, A-Gu ò lè dá dúró níwájú àwọn èèyàn yìí. Ó gbọ́dọ̀ ní nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́."

"Jẹ́ ká fẹ́ atẹ́gùn sínú ọ̀rá yẹn, ká lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Báwo ló ṣe máa mọ̀?"

"Ẹ fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀bẹ̀ yẹn? Ohun inú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rá."

"Ohun inú rẹ̀ ti tán. Ohun inú rẹ̀ ti wà ní..."

Àwọn méjèèjì jọ wo ikùn Kuo-pin. Ikùn náà kùn.

"Rárá," ni ó wí.

"Ẹ dìde, ẹ̀gbọ́n."

"Su-yun, ọ̀jọ̀gbọ́n ni mí! Èmi ni wọ́n pè wá sọ̀rọ̀!"

"Ibi tí ẹ bá dúró sí lẹ ti máa sọ ọ́. Ẹ sún mọ́ ọn. Ẹ má fọwọ́ kàn án. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn..."

"Mo mọ̀ ọ́n. Òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

"Ẹ gba igbá yín."

Ó fi ọ̀rá aláwọ̀ ewé náà lé e lọ́wọ́. Kuo-pin gbé e mọ́ àyà, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ ti ẹ̀rọ awò bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Wọ́n ti ń kan ilẹ̀kùn. Ojú rẹ̀ tàn lójijì, ó ti rí ọ̀nà àbáyọ.

"Dúró ná! Ohun tó wà nínú mi ti kọjá àkókò láti oṣù kẹrin! Ìwọ lo sọ pé kò lágbára mọ́!"

Su-yun mú un léjìká, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó tún yí i síwájú, ó bá a to kọ́là rẹ̀.

"Inú ọ̀rá tuntun ló wà báyìí, ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, bí ó ṣe ń lọ ṣí ilẹ̀kùn. "Èyí ṣì dáa títí di ìparí oṣù tó ń bọ̀."